Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ Lórí Ara Òwú

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Dókítà ẹranko ní kí n máa kọ ohun gbogbo sílẹ̀: ohun tí Òwú bá jẹ, ibi tó bá họ lára, iye ìgbà tó họ ọ́, bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Mo ní ṣé ajá ni tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ ṣèdánwò. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé Òwú sórí tábìlì, ó ká etí rẹ̀ sókè, ó gbóòórùn ibẹ̀, ó wá dà á dojú sókè kí n lè rí ikùn rẹ̀. Ó pupa fòò. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò nírun mọ́. Ìdí ìrù ti di èépá. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń lá láti ọjọ́ yìí ti pọ́n bí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ amọ̀.

"Bí wọ́n ṣe dá irú ajá yìí nìyẹn, Àǹtí," ó ní. "Funfun, onírun fẹ́lẹ́. Awọ wọn kì í gba ìyà. Nǹkan kan ló ń jẹ tí ara rẹ̀ ò fẹ́. A máa wá a rí."

Òfin rẹ̀ rèé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko, ẹja àti ọ̀dùnkún bíbọ̀ nìkan, kò sí iyọ̀, kò sí epo. Kò gbọdọ̀ fẹnu kan búrẹ́dì, ẹyin, mílíìkì tàbí adìẹ. Ọṣẹ oògùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ọṣẹ náà sì wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó fi omi ṣàn án. Bí nǹkan mìíràn bá bọ́ sí i lẹ́nu pẹ́nrẹ́n, a máa tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, pè mí nírọ̀lẹ́. Àwọn ló ra Òwú fún Màmá nígbà tí Màmá kó wá sọ́dọ̀ mi. "Ajá tí kò nírun lára, tó tún ń rùn, kí lẹ ń fi ṣe?" wọ́n ní. "Mò ń bọ̀ wá gbé e níparí oṣù kẹrin. Màá ra òmíràn fún Màmá."

Òmíràn. Òwú ni Màmá ń bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti jí. Bí mo bá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ohùn wọn ni mò ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á bi í ní ìbéèrè, wọ́n á tún bá a dáhùn.

Mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ìparí oṣù kẹrin ná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Ìwẹ̀ àkọ́kọ́. N kò mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá gùn tó báyẹn. Òwú ń gbọ̀n nínú bàsíà, mo dì í mú, ọwọ́ ń ro mí. Màmá jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́: "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ó máa tó tán." Bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ó gbọn gbogbo omi náà sí wa lára.

Láti àárọ̀ di ọ̀sán, ìgbà mọ́kànlélógójì ló họra.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Kò jẹ ẹja. Ó wò mí bí ẹni tí mo ṣẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Ó jẹ ẹ́. Ebi ti bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Ooru ọ̀hún ò ṣeé fẹnu sọ. Ọmọbìnrin tí mò ń rán aṣọ ìgbéyàwó fún wá wọ̀ ọ́ wò. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó yínmú. "Àǹtí, òórùn kí nìyí?" Mo ní ajá wa ni, ara rẹ̀ ò yá. Ó wo àga, kò jókòó. Nígbà tó bọ́ aṣọ náà tán, ó rí irun mẹ́ta lápá rẹ̀. Aṣọ funfun, irun funfun, síbẹ̀ ojú rẹ̀ rí i. Mo ṣa irun náà kúrò níṣojú rẹ̀, ojú ń tì mí.

Bó ṣe lọ tán, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ àti gbogbo aṣọ àwọn oníbàárà lọ sí yàrá mi. Mo kéde pé láti òní lọ, Òwú ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Màmá ní, "Òwú ò gbọdọ̀ wọ yàrá aránṣọ? Kí lo wá fẹ́ máa fi ránṣọ?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo nílò rẹ̀ lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Dókítà fún wa ní ike ràbàtà tí wọ́n ń dè mọ́ ajá lọ́rùn kí ẹnu rẹ̀ má baà kan ara. Òwú fi kọlu gbogbo ilẹ̀kùn ilé, ó fi gbá Màmá lẹ́sẹ̀. Mo tú u. Ṣé lásán ni mo fi ń jẹ́ aránṣọ ni? Mo gé aṣọ ìbora àtijọ́ kan tó ti rọ̀ dáadáa, mo rán ẹ̀wù tó bo ikùn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó bọ́ èkíní kí n tó gé okùn lẹ́nu abẹ́rẹ́. Èkejì fún un lábíyá. Fún ẹ̀kẹta, mo lo tépù bí mo ṣe ń ṣe fún èèyàn, mo kọ ọ́ sínú ìwé oníbàárà: Ọ̀gbẹ́ni Òwú, àyà, ìbàdí, gígùn ẹ̀yìn.

Màmá yí i wò níwá lẹ́yìn. "Ó yẹ ẹ́. Àpò ló kù."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ẹja ti tún gbówó lórí. Mo ra àwọn kéékèèké, mo fi odindi wákàtí kan ṣa egungun wọn.

Ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́tàdínlógún péré ló họra lónìí. Irun sì ti ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, kúkúrú, ó le koko, bí irùngbọ̀n tí wọn ò fá fún ọjọ́ mẹ́ta. Mò ń fọwọ́ pa á títí ó fi dìde kúrò lọ́dọ̀ mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Etí rẹ̀ tún ti ń rùn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ikùn ti tún pupa. Ó lá ẹsẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde láàárín ọmọ ìka. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà láìjẹun.

"Nǹkan ti bọ́ sí i lẹ́nu," dókítà ní.

Mo búra pé kò sí.

"Àǹtí, n ò ní ẹ̀ ń parọ́. Mo ní awọ ara rẹ̀ ò parọ́. Ta ló tún ń gbé pẹ̀lú yín?"

Mo ní èmi àti Màmá nìkan ni, Màmá sì mọ òfin yìí jù mí lọ. Àwọn ni wọ́n ń rán mi létí pé kí n má fi iyọ̀ sí ẹja.

Nígbà tí mo délé, mo rí èérún búrẹ́dì létí ọgbà, níbi tí a ti fi pákó pààlà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Káfíńtà. Àràárọ̀ ni wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin lórí tábìlì iṣẹ́ wọn, ibẹ̀ sì ni Òwú fẹ́ràn láti máa sùn sí. Ara mi gbóná. N kò tilẹ̀ bọ́ bàtà tí mo wọ̀ lọ òde, mo kọjá sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn oníbàárà méjì wà níbẹ̀, n kò wò wọ́n.

"Bàbá, mo ti bẹ̀ yín pé kí ẹ má fún ajá yìí lóúnjẹ."

Wọ́n gbé irinṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Ẹ bẹ̀ mí lóòótọ́, mo sì gbọ́. N kò fún un ní nǹkan kan."

"Ta ló wá ń fún un? Ṣé búrẹ́dì náà fò wá ni?"

Wọ́n wo ìhà ilé wa, wọ́n tún wò mí, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó wá gbé e mì. Mo ka ìdákẹ́jẹ́ yẹn sí ẹ̀bi. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí n kò ní kọ síbí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin

Mo ti fi pákó dí gbogbo àlàfo ọgbà. Òwú ṣì ń họra. Ìgbà méjìdínlógójì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Ó yẹ kí oníbàárà kan wá láàárọ̀ yìí, kò wá. Mo jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì yàrá mi, mò ń ṣẹ́ etí aṣọ. Mo ti fún Òwú ní oúnjẹ rẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí kan sẹ́yìn. Màmá wà níbẹ̀, àwọn ni wọ́n gbé abọ́ rẹ̀ fún mi.

Mo rí wọn tí wọ́n jáde láti ilé ìdáná. Búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú mílíìkì wà lọ́wọ́ kan, ìlàjì ẹyin bíbọ̀ wà lọ́wọ́ kejì. Wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀, eékún wọn ń dún.

"Wá jẹun, ọkọ mi. Láti àárọ̀, ẹnì kankan ò tíì fún ọ ní nǹkan kan. Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ yẹn."

Mo rò pé màá bá wọn sọ ọ́ nírọ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n tún jáde pẹ̀lú búrẹ́dì mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ, láìyẹ̀ kankan. Láti àárọ̀, ẹnì kankan ò tíì fún ọ ní nǹkan kan.

Mo jáde. "Màmá, ṣé ẹ ti fún Òwú lóúnjẹ?"

"Èmi kẹ̀? Ìwọ ni mò ń wò."

Ojú wọn mọ́ kedere. Kò sí irọ́ níbẹ̀ rárá. Òórùn ẹyin sì wà lọ́wọ́ wọn.

Mo ti jókòó ti ìwé yìí tipẹ́. Iyọ̀ tí wọ́n fi sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kọ́kọ́rọ́ tí mo bá nínú ìrẹsì. Ìtàn kan tí wọ́n ń sọ fún mi bí ẹni pé n kò gbọ́ ọ rí. Gbogbo rẹ̀ ni mo pè ní ọjọ́ orí. Mo mọ iye ìgbà tí ajá họ ara rẹ̀ láti oṣù tó kọjá, n kò mọ iye ìgbà tí ìyá mi gbàgbé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Káfíńtà.

"Ẹ dìde," wọ́n ní. "Eruku pákó pọ̀ nílẹ̀, aṣọ yín á bàjẹ́."

Mo ní màmá mi ni. Wọ́n mi orí.

"Mo ti máa ń rí wọn. Wọ́n á fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo rò ó títí pé kí n sọ fún yín. Àmọ́ irú ọ̀rọ̀ báyẹn, èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò."

"Ẹ wá jẹ́ kí n bú yín."

"Ìyẹn á kọjá," wọ́n ní, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ìgbà tí mo délé ni mo tó sunkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Mo ti ilé ìdáná pa. Ìwà òmùgọ̀ ni. Màmá dúró níwájú ilẹ̀kùn náà, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n tì í, wọ́n fà á. "Ṣé olè ni mí nílé yìí ni?" Mo ṣí i. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Òwú nìkan ni wọ́n ń bá sọ ọ́, wọ́n ń fẹjọ́ mi sùn ún.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Ibi tí mo ti ń wọ aṣọ ni ó ti wá sí mi lọ́kàn. Kí ló dé tí mo fẹ́ dá ọwọ́ wọn dúró? Bí wọ́n bá fẹ́ fún un lóúnjẹ nígbà mẹ́fà, kí wọ́n fún un nígbà mẹ́fà. Ohun tó wà nínú abọ́ ló kàn mí.

Mo se ẹja àti ọ̀dùnkún ọjọ́ kan, mo pín in sí abọ́ kéékèèké mẹ́fà tó lọ́mọrí, mo tò wọ́n síwájú fìríìjì gan-an, níbi tí ojú Màmá á kọ́kọ́ bà. Abọ́ keje jẹ́ ọ̀dùnkún nìkan, nítorí ọjọ́ tó bá le. Búrẹ́dì àti mílíìkì wà nínú yàrá mi báyìí. Ẹyin wà nínú àpótí bọ́tìnnì.

Mo sọ fún Màmá pé láti òní lọ, àwọn ló ni oúnjẹ Òwú, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún mi.

"Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́," wọ́n ní.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Ìgbà márùn-ún ni Màmá fún un lóúnjẹ. Ẹja ni nígbà márààrún. Mo tún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú àná.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Mo ṣàlàyé ètò abọ́ fún dókítà. Lónìí ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á máa sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà òun. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ bọ àpò, ó ní, "Ẹ gbé Màmá náà lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà tiwọn, Àǹtí. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́." Mo ní mo ti gba ọjọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Gbogbo ilẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà sì tutù. Mo nu àárín ọmọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà gbogbo tó bá wọlé, ogún ọmọ ìka bí ti èèyàn, tàbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà mọ́kàndínlógún ló họra.

Mo fi aṣọ ìgbéyàwó ránṣẹ́. Kò sí irun kankan lára rẹ̀. Mo fi gíláàsì ojú mi wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Bọ̀ọ̀dá dé pẹ̀lú àgò tí wọ́n fẹ́ fi gbé Òwú. Wọ́n wo ara rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti bò, ti òsì ṣì ń hàn bí aṣọ tó ti gbó.

"O gbìyànjú," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n adéhùn ni adéhùn."

Mo ní, "Ẹ jókòó jẹun ná, Bọ̀ọ̀dá."

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ Màmá fún wọn lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ogbó ni, wọ́n ní mo máa ń sọ nǹkan di ńlá. N kò tún sọ ọ́. Mo gbé oúnjẹ wá, mo jókòó.

Màmá jáde, inú wọn dùn. "Ìgbà wo lo dé?"

"Ẹ̀ẹ̀kan yìí ni, Màmá."

Màmá béèrè nípa ọmọ, wọ́n béèrè nípa ọkọ̀. Wọ́n wọlé lọ mú abọ́ ẹja, wọ́n fún Òwú, wọ́n padà wá, wọ́n rí Bọ̀ọ̀dá, inú wọn tún dùn bákan náà gẹ́lẹ́. "Ìgbà wo lo dé?"

Ní ìgbà kẹta, Bọ̀ọ̀dá gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀kan yìí ni, Màmá," ṣùgbọ́n ohùn wọn ti yàtọ̀. Wọ́n ń wo bí Màmá ṣe ṣí ọmọrí abọ́ láìwò ó, bí Òwú ṣe jókòó dè wọ́n láìfò mọ́ wọn.

A jọ jáde lọ sídìí ọkọ̀. "Kí ni mo lè ṣe?" wọ́n bi mí.

"Ẹ fi ajá sílẹ̀. Òun nìkan ni Màmá ń rántí iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹ sì máa wá lọ́jọ́ Àìkú."

"Nítorí ajá?"

"Rárá, Bọ̀ọ̀dá."

Wọ́n gbé àgò náà padà sínú ọkọ̀ lófìfo.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún

Ilé ìwòsàn, èmi àti Bọ̀ọ̀dá. Dókítà ya àwòrán ọpọlọ Màmá, ó bi wọ́n ní ìbéèrè. Wọn kò mọ ọdún. Wọ́n mọ orúkọ ajá wọn. Oògùn tó wà kò lè lé àìsàn ìgbàgbé náà lọ, ó lè mú kó máa rọra rìn. Mo ní ká bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Bọ̀ọ̀dá wẹ Òwú. Wọ́n wọ bùbá tó dára wá, àṣìṣe wọn nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé. Ìgbà mẹ́rin ló họra láti àárọ̀ di ọ̀sán, bí ajá yòówù ṣe ń họra. Etí mọ́. Ikùn rẹ̀ dà bí ara ọmọ tuntun. Ibì kan ló kù níbàdí òsì, kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ.

Dókítà ní ká wá fi oúnjẹ dán an wò báyìí, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Ọ̀la, ẹyin díẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ẹyin ni. Etí rẹ̀ pupa kí ọjọ́ kejì tó ṣú. Mo mú ẹyin tó kù nínú àpótí bọ́tìnnì, mo kó gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Káfíńtà. Wọ́n gbà á, wọ́n ní àwọn á jẹ ẹ́ nínú ilé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Etí ti padà bọ̀ sípò. A fi adìẹ dán an wò, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Màmá bá mi wẹ̀ ẹ́ lónìí. Wọ́n ká apá aṣọ wọn, wọ́n ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìfófó, wọ́n ń fi ìka ra á láti ọrùn lọ sí ìdí. Bí ọwọ́ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọjọ́ tí wọ́n bí mi: bí Bàbá ṣe sáré lọ pe agbẹ̀bí, tí ó sáré kọjá ilé agbẹ̀bí náà, tí ó fi dé òpin òpópónà kó tó rántí ohun tó ń wá. Wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n lórí.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, mo bi wọ́n pé, "Màmá, kí ni Bàbá wọ̀ lọ́jọ́ náà?"

Ọwọ́ wọn dúró lẹ́yìn Òwú. Wọ́n wo ibì kan tí n kò lè rí.

"Bùláòsì mi," wọ́n ní. "Ó ń kánjú, ó fa aṣọ àkọ́kọ́ tó bà lórí okùn wọ̀. Aláwọ̀ ewé, ó ní bọ́tìnnì mẹ́fà lẹ́yìn. Kò rí wọn dé. Agbẹ̀bí rò pé orí rẹ̀ ti dàrú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tẹ̀ lé e." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èjìká wọn ń gbọ̀n. "Òun ló kọ́kọ́ gbé ọ lọ́wọ́. Aṣọ mi ló wà lọ́rùn rẹ̀."

Ẹnì kankan ò sọ èyí fún mi rí.

Mo bu omi, a jọ ṣan ọṣẹ náà kúrò. Irun rẹ̀ sùn sílẹ̀ lórí ara rẹ̀ láti ọrùn títí dé ìdí ìrù, mo wá ibi tí awọ ti hàn, n kò rí i. Màmá fi táwẹ̀lì bò ó, wọ́n gbé e sórí ẹsẹ̀ wọn. Mo nu ọwọ́ mi, mo wá ìwé yìí lọ, kí n lè kọ bùláòsì náà àti bọ́tìnnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn.